SemVer, CalVer àti àwọn ẹgbẹ́ wọn: ìlànà wo ló yẹ kí ẹ fi máa ka ẹ̀dà sọ́fítíwíà yín?

Òǹkàwé méjì ni nọ́ńbà ẹ̀dà sọ́fítíwíà ní. Ọ̀kan jẹ́ ènìyàn tó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun gba ẹ̀dà tuntun lónìí, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Èkejì jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa kóòdù àwọn ẹlòmíràn wọlé: npm (ti JavaScript), pip (ti Python), Cargo (ti Rust), apt (ti Debian). Ẹ̀rọ kì í ka àlàyé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi nọ́ńbà méjì wéra, kó sì mú èyí tó ga jù nínú àwọn tí wọ́n gbà á láyè láti mú. Ìlànà tó bá dùn mọ́ ènìyàn nínú tí ẹ̀rọ kò gbọ́ yóò dá wàhálà sílẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ gbọ́ tí kò yé ènìyàn náà kò sì sàn jù ú lọ. Ojú méjì yìí la fi wo àwọn ìlànà tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn sọ́fítíwíà tí kóòdù wọn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. A tún fi ìbéèrè kan kún un tí ọ̀pọ̀ kì í bi ara wọn títí tí yóò fi pẹ́ jù: bí ìlànà yìí kò bá bá wa lára mu mọ́ lọ́la, ṣé ọ̀nà àtijáde wà?

SemVer

Tom Preston-Werner, ọ̀kan nínú àwọn tó dá GitHub sílẹ̀, ló kọ ìlànà yìí, Semantic Versioning lórúkọ rẹ̀ ní kíkún, ẹ̀dà 2.0.0 rẹ̀ sì ni gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé. Nọ́ńbà mẹ́ta ni, dọ́ọ̀tì ló là wọ́n láàárín. Ti àkọ́kọ́ máa ń gòkè nígbà tí ẹ bá yí nǹkan padà lọ́nà tó máa ba iṣẹ́ àwọn tó ń lò ó jẹ́. Ti àárín máa ń gòkè nígbà tí ẹ bá fi ohun tuntun kún un tí ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wà. Ti ìkẹyìn wà fún àtúnṣe àṣìṣe nìkan. Bí èyí tó wà lápá òsì bá gòkè, gbogbo àwọn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ a padà sí òdo. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ohun tuntun kún 1.9.4, ó di 1.10.0. Kò di 2.0.0, kò sì sí ohun tó ní kí nọ́ńbà dúró ní 9.

Ohun tó gbé SemVer ga ju àwọn yòókù lọ ni pé àwọn ẹ̀rọ tó ń fa láíbìrì (kóòdù ẹlòmíràn tí iṣẹ́ yín ń lò) wọlé gbọ́ ọ. Nínú npm, `^1.4.2` túmọ̀ sí ohunkóhun láti 1.4.2 lọ sókè, kó ṣáà má dé 2.0.0; `~1.4.2` máa dúró kó tó dé 1.5.0. Nínú Cargo, bí ẹ bá kọ "1.4.2" lásán, bíi `^` náà ló ṣe máa kà á. Ti Python ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú: `~=1.4.2` kò ní kọjá ìlà 1.4, àmọ́ `~=1.4` lè lọ títí dé ẹnu ibodè 2. Ohun tí èyí ń sọ ni pé àtúnṣe kékeré tí ẹ gbé jáde lálẹ́ lè ti wọ inú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́, láìsí ẹni tó tẹ bọ́tìnì kankan, àfi àwọn tó bá fi fáìlì lock, tó ń kọ nọ́ńbà ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ gan-an, de tiwọn mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá pe ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ní 1.4.3, ẹ ti já wọ ilé onílé nìyẹn.

Ibi tí ìlànà yìí ti ń kùnà kò sí nínú nọ́ńbà. Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ sọ ní gbangba ohun tó jẹ́ API yín (ibi tí kóòdù àwọn ẹlòmíràn ti ń kan tiyín), òfin yìí sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ máa ń fò kọjá. Láìsí i, "ìyípadà tó ń ba nǹkan jẹ́" kò ní ìtumọ̀. Ẹ ṣí fáìlì kan, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá àwọn wọ̀nyí wà nínú àdéhùn tàbí wọn kò sí: orúkọ àwọn fọ́ńṣọ̀n àti ohun tí wọ́n ń dá padà, àwọn àmì tí a ń tẹ̀ sí ojú àṣẹ, nọ́ńbà tí ètò náà ń fi sílẹ̀ bó bá parí, bí fáìlì ètò ṣe rí, bí dátà ṣe wà lórí díìsì, àti ẹ̀dà èdè tó kéré jù tí iṣẹ́ náà lè bá ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ inú ìkìlọ̀ àṣìṣe, ẹ sọ gbangba pé kò sí nínú àdéhùn. Síbẹ̀ ẹnìkan yóò ṣì kọ kóòdù tó ń wá gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní òfin Hyrum gan-an nìyí: bí àwọn tó ń lo nǹkan bá ti pọ̀ tó, kò sí ìwà rẹ̀ kankan tí ojú rí tí ẹnìkan kò ní gbára lé.

Ẹ̀dà èdè tó kéré jù yìí ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Bí láíbìrì bá pa Python tàbí Rust àtijọ́ tì, ṣé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló yẹ kó gòkè ni, àbí ti àárín? SemVer kò dáhùn. Lójú tiwa, ti àárín tó, bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn ṣáájú. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí láíbìrì cryptography ti Python ní oṣù kejì 2021: ẹ̀dà 3.4 mú Rust wọ inú bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. API Python rẹ̀ kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ọ láti inú kóòdù tí kò sì ní Rust lórí ẹ̀rọ rẹ̀ rí i pé ohun gbogbo dúró. Ìlànà tara rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń lò, kò fìgbà kan ṣèlérí SemVer. Àwọn tó ń lò ó ló ka SemVer sí i lára, torí nọ́ńbà náà jọ ọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n fò láti 3.4 bọ́ sí 35.0.0, kí ẹnikẹ́ni má baà tún rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ìlànà yòówù tí ẹ bá ń tẹ̀ lé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú README, fáìlì àlàyé iṣẹ́ yín.

Fún ẹ̀dà ìdánwò, ẹ kọ ọ́ báyìí: `1.0.0-rc.1` (rc ni release candidate). Ẹ má gbàgbé dọ́ọ̀tì tó wà láàárín rc àti nọ́ńbà. Bí dọ́ọ̀tì bá wà, ẹ̀rọ á ka 2 àti 10 bí iye, rc.10 á sì wà lẹ́yìn rc.2 bó ṣe yẹ. Bí kò bá sí, rc10 á bọ́ síwájú rc2, torí pé bí ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni wọ́n ṣe ń tò ó, 1 sì ṣáájú 2. Lórí npm, ẹ fi `--tag next` sí i nígbà tí ẹ bá ń gbé e jáde, kó má baà gba ipò `latest` mọ́ ẹ̀dà gidi lọ́wọ́. Ohun tó bá tẹ̀ lé àmì `+` kò ka nǹkan kan nínú bí a ṣe ń to ẹ̀dà, bẹ́ẹ̀ sì ni Docker, tó ń di ètò sínú àpótí, kì í gba `+` nínú orúkọ táàgì (àmì ẹ̀dà) rárá. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àpótí Docker (image) jáde, kó yáa jìnnà sí i.

Èdè Go ló mú SemVer ní òfin tó le jù. Láti ẹ̀dà 2 lọ, `/v2` gbọ́dọ̀ wà lára orúkọ módù nínú go.mod, gbogbo ẹni tó ń lò ó sì ní láti yí gbogbo ìlà import rẹ̀ padà. Ó ń bínú ẹni, ṣùgbọ́n ó dára: ẹ̀dà 1 àti 2 lè jọ gbé inú iṣẹ́ kan náà láìjà. Ó tún ń mú kí alábòójútó ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó ba nǹkan jẹ́.

Àwọn ohun èlò kan lè yẹ iṣẹ́ yín wò kí ẹ tó fún un ní nọ́ńbà. Rust ní cargo-semver-checks, Elm ń ṣírò nọ́ńbà fúnra rẹ̀ nípa fífi àwọn irú tó wà nínú API méjèèjì wéra, àwọn tó ń kọ C sì ní abidiff látinú libabigail. Wọ́n ń mú fọ́ńṣọ̀n tó sọnù àti irú tó yí padà. Wọn kò lè mú fọ́ńṣọ̀n tí orúkọ rẹ̀ dúró ṣùgbọ́n tí èsì rẹ̀ ti yàtọ̀. semantic-release ní tirẹ̀ kì í wo kóòdù, ìròyìn tó wà lórí commit (ìyípadà kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi pamọ́ sínú git) ló ń kà: `fix:` gbé ti ìkẹyìn sókè, `feat:` gbé ti àárín, `BREAKING CHANGE` gbé ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń pa commit pọ̀ di ẹyọ kan kí ẹ tó dà wọ́n mọ́ ẹ̀ka àgbà, rántí pé àkọlé pull request (ìbéèrè pé kí wọ́n gba ìyípadà wọlé) ló sábà máa ń di ìròyìn yẹn. Ẹnìkan kọ "fix" sí ibi tó yẹ kó kọ "BREAKING CHANGE", nọ́ńbà tó ń parọ́ jáde nìyẹn láìsí ẹni tó mọ̀.

Àwọn tí kì í kúrò ní òdo

SemVer ní ohunkóhun lè yí padà nígbàkúgbà níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ṣì jẹ́ 0. npm àti Cargo mú un le díẹ̀: `^0.2.3` kò ní dé 0.3.0, `^0.0.3` kò sì ní gba ẹ̀dà mìíràn yàtọ̀ sí 0.0.3 gan-an. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.1.0. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 0.0.1 ti dí ọ̀nà mọ́ àtúnṣe tirẹ̀, torí kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni fúnra rẹ̀.

Òdo dára fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó di àwáwí. Bí àwọn ènìyàn bá ti ń fi iṣẹ́ yín ṣe nǹkan gidi, 1.0.0 ti tó àkókò, kódà bí kóòdù náà kò bá tíì wù yín. React ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tipẹ́ kó tó kúrò ní 0.14 bọ́ sí 15 ní 2016. Node.js fò láti 0.12 sí 4.0.0 ní oṣù kẹsàn-án 2015, torí io.js, ẹ̀ka tó yà kúrò lára rẹ̀ tó sì tún dà pọ̀ mọ́ ọn, ti lo 1, 2 àti 3 tán.

CalVer

Ọjọ́ tó wà lórí kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi ń ka èyí (calendar versioning). Ubuntu, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ló sọ ọ́ di mímọ̀: 4.10 jáde ní oṣù kẹwàá 2004, 24.04 ní oṣù kẹrin 2024. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i mọ bó ṣe ti pẹ́ tó, ó sì lè ṣírò ìgbà tí ìtọ́jú rẹ̀ máa parí. pip náà kúrò ní 10.0.1, ó bọ́ sí 18.0 lọ́dún 2018. Fún ohun èlò tí ènìyàn ń lò tààrà, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tàbí iṣẹ́ tó ní ọjọ́ ìgbéjáde tí kì í yẹ̀, a kò rí èyí tó dára jù ú. Àríyànjiyàn nípa "ṣé ìyípadà yìí tóbi tó?" parí síbẹ̀.

Fún láíbìrì, a kò dá a lábàá. `^24.1` kò ṣèlérí ohunkóhun. Ẹ̀rọ á ṣì kà á bí SemVer, á sì rò pé láti 24.1 dé 24.12 kò séwu, ohun tí ẹ kò sì sọ nìyẹn.

Bí ẹ bá yàn án, àwọn ọ̀fìn kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Òdo tó ṣáájú oṣù ni àkọ́kọ́: SemVer kò gbà á, nítorí náà 24.04.0 kò bá ìlànà npm mu, Python sì máa sọ 24.04 di 24.4 láìbi yín. Ẹ lo 24.4 láti ìbẹ̀rẹ̀, kí orúkọ má baà jẹ́ méjì. Èkejì kan àwọn tó ń ṣe àpótí MSI fún Windows: nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti èkejì níbẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 255, torí náà 2025.1 kò lè wọlé bó ṣe wà, àmọ́ 25.1 lè wọlé. Lórí Android, versionCode jẹ́ iye kan ṣoṣo tí Google Play kò jẹ́ kó kọjá 2100000000. Ọdún, oṣù, ọjọ́ àti nọ́ńbà méjì lẹ́yìn wọn gbà síbẹ̀ (2025061501), ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi wákàtí àti ìṣẹ́jú kún un, ó ti kún àkúnya.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ń da àwọn ènìyàn lójú rú jù. Bí ẹ bá tún àṣìṣe ààbò ṣe lórí ẹ̀ka 24.4 nígbà tí 25.2 ti jáde, nọ́ńbà rẹ̀ máa jẹ́ 24.4.1. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n dá ẹ̀ka náà sílẹ̀, kì í ṣe ti ọjọ́ tó jáde. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn níbi tí ẹ ti ń kọ ìròyìn ìgbéjáde. Ẹ má sì tètè kéde nọ́ńbà kí iṣẹ́ tó parí: oṣù kẹrin 2006 ni Ubuntu kan yẹ kó jáde, ó sún di oṣù kẹfà, 6.04 sì ní láti di 6.06.

Àwọn yòókù, ní ṣókí

Nọ́ńbà kan ṣoṣo, bíi ti systemd àti less, rọrùn débi pé kò sí ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni ju pé eléyìí jẹ́ tuntun ju ìyẹn lọ. Fún ohun èlò kékeré, ó tó.

Kernel Linux, ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ Linux, ni ẹ kò gbọdọ̀ fara wé. Nọ́ńbà rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní ìtumọ̀ kankan. 2.6.39 di 3.0 ní 2011, 3.19 di 4.0 ní 2015, 4.20 di 5.0 ní 2019, torí pé Linus Torvalds tó dá a sílẹ̀ kò fẹ́ kí nọ́ńbà kejì gùn jù. Ó ṣeé ṣe fún un nítorí òfin ilé wọn pé a kì í ba ètò àwọn tó ń lò ó jẹ́ rárá. Ẹni tí kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ kò lè yá ìlànà náà lò. Ìlànà kí nọ́ńbà tí kò pé méjìméjì jẹ́ ti ìdánwò, kí èyí tó pé jẹ́ ti gidi, náà ti di ohun àtijọ́ níbẹ̀. Perl ṣì ń lò ó.

PostgreSQL, ètò ìpamọ́ dátà, yẹ fún ìyìn. Títí dé 9.6, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ lápapọ̀ ló jẹ́ ti ẹ̀dà ńlá, èyí tó túmọ̀ sí pé láti 9.5 sí 9.6 gba pg_upgrade, ohun èlò tó ń gbé dátà bọ́ sí ẹ̀dà ńlá tuntun, bó tilẹ̀ jọ àtúnṣe kékeré lójú ẹni tí kò mọ̀. Lọ́dún 2017 wọ́n bọ́ sí 10, láti ìgbà náà 10.1 kò ju àtúnṣe àṣìṣe lọ. Nọ́ńbà kan fún ńlá, ọ̀kan fún kékeré, ó tán.

Ti TeX, ètò ìtòwé, tó ń sún mọ́ π díẹ̀díẹ̀ (3.141592653 ni ti 2021), ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ti Donald Knuth tó kọ ọ́ nìkan.

Ibi tí gbogbo wọn ti ń ṣubú

Nọ́ńbà ẹ̀dà kì í ṣe iye onídẹ́símà, ṣùgbọ́n kóòdù púpọ̀ rò pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí Python dé 3.10, ẹni tó kọ `python-version: 3.10` sínú fáìlì ètò YAML gba 3.1, torí YAML kà á bí iye, ó sì gé òdo rẹ̀ kúrò. Àmì àyọlò ni oògùn rẹ̀: `"3.10"`. Ẹni tó fi `sys.version[:3]` mú ẹ̀dà náà rí 3.1 bákan náà. Ẹ lo ohun èlò tó mọ̀ ọ́n wé: `packaging.version` ní Python, `dpkg --compare-versions` lórí Debian. Àṣẹ `sort -V` kò ṣe é gbára lé fún ẹ̀dà ìdánwò, ó máa to 1.0.0-rc.1 sẹ́yìn 1.0.0. Irú àṣìṣe kan náà wà nínú `git tag --sort=v:refname`, àmọ́ `git config versionsort.suffix -rc` máa tún un ṣe.

Iye náà lè pọ̀ ju àyè tí wọ́n fi pamọ́ fún un. Ní oṣù kejì 2021, kernel 4.4 àti 4.9 dé àtúnṣe 256, bẹ́ẹ̀ báìtì kan ṣoṣo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà yẹn nínú KERNEL_VERSION, 255 ló sì lè gbà mọ. Wọ́n ní láti dá iye náà dúró sí 255 kí 4.4.256 má baà di 4.5.0 lójú àwọn ètò tó ń kà á.

Táàgì àti ìgbéjáde

Ibì kan ṣoṣo ni kí nọ́ńbà máa gbé, kó jẹ́ táàgì git: `git tag -a v1.4.0 -m "1.4.0"`, lẹ́yìn náà `git push origin v1.4.0`, torí `git push` lásán kì í gbé táàgì lọ. Lẹ́tà v yẹn jẹ́ ti táàgì, kò sí lára nọ́ńbà, àmọ́ Go kò ní gbà láìsí i. Ní Python, setuptools-scm lè ka táàgì fúnra rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé orí GitHub Actions lẹ ti ń kọ́ ọ, ẹ fi `fetch-depth: 0` sí actions/checkout. Láìṣe bẹ́ẹ̀, commit kan ṣoṣo ló máa gbé wá láìsí táàgì, nọ́ńbà bíi 0.1.dev1 sì máa jáde.

Ohun tó bá ti jáde ti jáde. PyPI kò ní gba fáìlì olórúkọ kan náà mọ́ kódà lẹ́yìn tí ẹ bá pa á rẹ́, npm kò ní jẹ́ kí ẹ tún nọ́ńbà kan náà lò, crates.io, ibi tí wọ́n ń kó láíbìrì Rust sí, kò sì fàyè gba ju yank lọ fún ẹ̀dà kan ṣoṣo (ẹ̀dà náà ṣì wà, àmọ́ iṣẹ́ tuntun kò ní mú un mọ́). Bí ẹ bá sún táàgì Go kúrò níbi tó wà, àwọn tó ń lò ó á rí ìkìlọ̀ pé checksum (àmì ìdánimọ̀ kóòdù náà) kò bára mu. Bí 1.4.0 bá bàjẹ́, ẹ gbé 1.4.1 jáde, kí ẹ sì yank ti àkọ́kọ́. Ní Go, ìlà `retract v1.4.0` nínú go.mod ló ń ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ yí ìlànà padà

Níbí ni SemVer ti fi ẹ̀yìn CalVer balẹ̀. Nọ́ńbà kì í padà sẹ́yìn. Láti 4.2.0, ẹ lè bọ́ sí 26.1.0 lọ́jọ́ tó bá wù yín, gbogbo ẹ̀rọ á sì gbà pé ó tuntun jù. Láti 2026.3, ẹ kò lè bọ́ sí 1.0.0: ẹ̀rọ á ní ó ti gbó, kò sì ní fi fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí iṣẹ́ yín kò bá tíì dá yín lójú, SemVer láti 0.1.0 ni kí ẹ mú, torí ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí ẹ bá sì yan CalVer, ọdún onínọ́ńbà méjì sàn ju ti mẹ́rin lọ.

Python àti Debian ní ọ̀nà àbáyọ kan, tí wọ́n ń kọ báyìí: `1!1.0` ní ti Python, `1:1.0` ní ti Debian. Ohun tó wà níwájú àmì yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, nítorí náà ó borí 2026.3. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi síbẹ̀, kò ní kúrò mọ́ láéláé, ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ gbé e dání. npm àti Cargo kò ní irú rẹ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ní láti yí orúkọ láíbìrì padà, tàbí kó máa bá nọ́ńbà ńlá náà lọ bíi SemVer lásán, kí ìyípadà ńlá tó kàn di 2027.0.0 kódà bí ọdún kò tíì yí.